Apá Karùn-ún Ọkọ Àṣálẹ́

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni Ọlájùmọ̀kẹ́ Bámiṣayé fi apá karùn-ún ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí gúrúùpù wasáàpù. Kò tíì fọ abọ́ tó fi jẹun tán tí èébú fi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Ọkọ Àṣálẹ́ ni orúkọ ìtàn náà. Opó kan tó ń jẹ́ Ayọ̀mídé ló dá lé lórí. Ìdòwú ọkọ rẹ̀ ti kú, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, òkú náà á dé, á jókòó tì í, wọn á jọ máa tàkúrọ̀sọ, wọn á jọ máa rẹ́rìn-ín. Odindi apá mẹ́rin ni àwọn òǹkàwé fi gbádùn ìfẹ́ yìí. Ní apá karùn-ún, Ayọ̀mídé ti ilẹ̀kùn mọ́ òkú, ó ní kó máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì fẹ́ káfíńtà kan tó ń jẹ́ Samuel.

Kùdírátù, tó ń ta ìpara ní àdúgbò Kabawa nílùú Lokoja, fi ohùn ránṣẹ́, bí ẹni tó fẹ́ sunkún: "Anti, kí ni Ìdòwú ṣe yín? Ó kú, ó ṣì ń wá wo ìyàwó rẹ̀. Àwa tí tiwa wà láàyè, a ò rí wọn nílé!"

Bridget, òṣìṣẹ́ ìjọba, kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "Káfíńtà!", ó sì jáde kúrò nínú gúrúùpù. Ẹlòmíràn ní dandan ni kí Ìdòwú padà wá ní apá kẹfà, kó wá fún Samuel lọ́rùn. Rùfáì nìkan ló gbèjà òǹkọ̀wé: "Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sinmi. Òkú kì í ṣe ọkọ." Wọ́n bú òun náà.

Jùmọ̀kẹ́ gbé fóònù sílẹ̀. Òǹkàwé kan péré ló ń retí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ìyẹn Ruth, ìyá rẹ̀, tó jókòó sí pálọ̀ ilé wọn ní Gadumo, ní Lokoja kan náà.

Ọdún kẹta rèé tí Obed, bàbá Jùmọ̀kẹ́, lọ ra ẹ̀wà ní òdìkejì odò, tí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé e bọ̀ dojú dé. Wọ́n rí òkú àwọn yòókù. Wọn ò rí tirẹ̀. Pásítọ̀ wá, àwọn mọ̀lẹ́bí wá láti Agbaja lórí òkè, pé kí wọ́n ṣe ìsìnkú, Ruth kọ̀. Ó ní ẹni tí òun ò fojú rí òkú rẹ̀, òun ò ní gbẹ́ ilẹ̀ fún un.

Kí ìyá yìí lè rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí ni Jùmọ̀kẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Ìyá náà sì rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Àfìgbà tó di pé ó ń bu oúnjẹ Obed sílẹ̀ lálaalẹ́ ni àyà ọmọ já. Ó rò ó pé bí Ayọ̀mídé bá lè jẹ́ kí òkú lọ, bóyá ìyá òun náà á lè ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màámi, ṣé ẹ ti kà á?"

Ruth yọ awò ojú rẹ̀. "Mo ti kà á. Èmi lo kọ ọ́ sí."

"Màámi..."

"Àwọn tó ń bú ẹ ò mọ̀. Èmi mọ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ dídùn kan tí Ìdòwú sọ tí kì í ṣe ẹnu bàbá ẹ lo ti gbọ́ ọ."

Jùmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ sinmi ni. Bàbá ti kú, màámi."

Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ́ gbangba bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn rí. Ruth ò sunkún.

"O dá a padà fún mi," ó ní, "o wá tún lé e jáde. Omi pa á lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ lo pa á lẹ́ẹ̀kejì."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó di ẹrù rẹ̀, ó gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní Agbaja. Jùmọ̀kẹ́ pè é títí, kò gbé e. Àwọn òǹkàwé ń bèèrè apá kẹfà. Ó kọ̀wé sí wọn pé ìtàn ti parí. Wọ́n ní ìgbéraga ló ń ṣe é.

Oṣù kan kọjá kó tó gòkè lọ sí Agbaja. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu ọ̀nà.

"Káàbọ̀ o. A retí rẹ lọ́jọ́ ìsìnkú. A rò pé iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o wá."

"Ìsìnkú ta ni, sà?"

Bàbá náà wò ó, ó ṣàlàyé fún un. Ruth fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n gbẹ́ ilẹ̀. Wọ́n kó ẹ̀wù àti bàtà Obed sínú pósí, ìjọ kọrin, wọ́n bò ó.

Ẹ̀yìnkùlé ni Ruth wà, ó ń bó ẹ̀gẹ́. Ó gbé oúnjẹ fún ọmọ rẹ̀, ó bi í léèrè bí ọ̀nà ṣe rí.

"Màámi, ẹ ò pè mí. Bàbá mi ni."

"O ti sin tìrẹ lórí fóònù, lójú gbogbo ayé," Ruth fèsì jẹ́jẹ́. "Mo sin tèmi."

"Ẹ mú mi débẹ̀, ẹ jọ̀ọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi á mú ẹ lọ."

Ó mú ẹ̀gẹ́ mìíràn, ó ń bó o lọ. Bàbá náà ló mú Jùmọ̀kẹ́ débi sàréè, ó fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ pupa ni, òkúta dúdú wúwo ni wọ́n tò yí i ká. Ó fẹ́ pe bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn Ìdòwú nìkan ló ń wá sí i létí. Ó dúró títí oòrùn fi gbóná jù, lẹ́yìn náà ó lọ wá ọ̀kadà tó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí Lokoja.