Àṣírí Tó Yẹ Kó Di Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Èmi ni mo ba nǹkan jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí ẹlòmíràn tó bá mi sọ ọ́. Odidi obìnrin ọdún méjìléláàádọ́rin, tí ìdí mi ti fẹ̀ ju àga lọ, mo lọ dúró sábẹ́ fèrèsé Olfa, ọmọ ọmọ mi, mo na etí bí ewúrẹ́.

Iléeṣẹ́ tó ń ṣe aṣàwákiri, ohun tí a fi ń wọ íńtánẹ́ẹ̀tì lórí fóònù, ni Olfa ń bá ṣiṣẹ́ látilé. Ó ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀: "Ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi àwòrán pe ara wọn, tí wọ́n ń rí ojú ara wọn, ni ihò náà wà. Olè lè gba ibẹ̀ wọ fóònù èèyàn. Ẹni tó rí i ti bá wa pa á mọ́ láti oṣù méjì. Ó di ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí àtúnṣe bá jáde kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́."

Mo padà sí àgbàlá, níbi tí èmi àti àwọn aládùúgbò ti ń fọwọ́ yí kúskúsì, oúnjẹ oníyẹ̀fun àlìkámà tí a ó jẹ lọ́dún yìí. Ẹnu ń yún mi. Kí n tó jókòó, ó ti já bọ́ lẹ́nu mi.

"Olè wà nínú fóònù o! Olfa ló wí bẹ́ẹ̀. Olè náà lè máa gba ibi àwòrán wò yín nílé ìwẹ̀."

"Kó wá wo tèmi," ni Beya, aládùúgbò mi, dáhùn. "Ojú rẹ̀ ni yóò fọ́!"

A rẹ́rìn-ín títí ìyẹ̀fun fi dà sílẹ̀. A ò tíì yí abọ́ kejì tán tí ọmọ ọ̀kan nínú wọn fi gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Fesibúùkù.

Olfa sọ̀ kalẹ̀, ojú rẹ̀ funfun ju ìyẹ̀fun wa lọ. Ó fà mí wọ ilé ìdáná.

"Ìyá àgbà, ta lẹ sọ fún?"

"Àwọn mẹ́ta yìí náà ni."

"Ó ti dé Tunis lólú ìlú! Àwọn olè ti mọ ibi tí wọ́n máa wá. Ọ̀gá ní kí n ti ibi àwòrán náà pa fún gbogbo ayé, nísinsìnyí."

"Ṣebí kí o tì í ni."

"Àwọn fóònù tuntun á gba ibi àwòrán padà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Irú èyí tó ti gbó bíi ti Màmá Nizar, ó lè tó oṣù méjì."

Nizar ni ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí Beya bí. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ítálì, ó sì bá ara rẹ̀ lẹ́wọ̀n níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ní aago kan, wọ́n máa ń jẹ́ kó rí ìyá rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, lórí aṣàwákiri yìí, lórí fóònù Beya tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nìkan. Òní ni. Beya ti wọ yẹtí wúrà láti àárọ̀.

"Jẹ́ kí wọ́n ríra ná, Olfa. Wákàtí kan péré."

"Wákàtí kan náà lolè máa ní. Èèyàn mílíọ̀nù mẹ́rin ló ń lò ó, Ìyá àgbà."

"Sọ fún Beya nígbà náà."

"Bí mo bá sọ pé òótọ́ lẹ sọ, mo ti fọwọ́ júwe ihò náà fún àwọn olè nìyẹn."

Ó wo Beya láti ojú fèrèsé. Lẹ́yìn náà ló gun òkè lọ. Mo gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn, mo gbọ́ tí ó ń tẹ nǹkan. Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo padà sídìí abọ́, mo ń yí kúskúsì tó ti yí tán.

Aago kan lù. Beya gbé fóònù rẹ̀ sókè síhà fèrèsé Olfa.

"Olfa, ọmọ mi! Mò ń gbọ́ ohùn Nizar, ojú rẹ̀ ni ò yọ. Àbí ọwọ́ oníyẹ̀fun mi yìí ló bà á jẹ́?"