Búrẹ́dì Inú Àpò

Ìyàwó aṣebúrẹ́dì ti ọwọ́ bọ àpò aṣọ iṣẹ́ tí ọkọ rẹ̀ wọ̀ lánàá, kó lè fọ̀ ọ́. Búrẹ́dì tí wọ́n ti jẹ lẹ́nu, tí wọ́n sì tu, ló bá níbẹ̀, òkèlè mẹ́fà.

Ọkọ rẹ̀ kì í jẹun àárọ̀ lọ́tọ̀. Bí búrẹ́dì bá ti ń jáde nínú ààrò, á máa já díẹ̀díẹ̀ tọ́ wò; ibẹ̀ ló ti ń yó. Oúnjẹ yẹn ni ìyàwó gbójú lé tó fi ń gún un ní abẹ́rẹ́ àtọ̀gbẹ, èyí tó ń fa ṣúgà ara wálẹ̀, láràárọ̀. Ó sì ti gún un tòní!

Ó sáré lọ sí ìdí ààrò. Baálé rẹ̀ ti ń làágùn tútù, ó ń sọ ìsọkúsọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyàwó fà á jókòó, ó po ṣúgà mọ́ omi, ó ń rọ ọ́ sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ títí ojú rẹ̀ fi wálẹ̀.

Àbúrò ọkọ, ẹni tí wọ́n ń pè ní Akọ̀wé, já wọlé. "Ìyàwó wa, ṣúgà kẹ̀? Láti ìjẹta ni mo ti ní kí ẹ̀gbọ́n mi jáwọ́ nínú búrẹ́dì, ìrẹsì, gbogbo onísítáàṣì. Ṣúgà ara rẹ̀ ti ń wálẹ̀!"

"Ọkọ mi Akọ̀wé, ó wálẹ̀ lóòótọ́, ó kù díẹ̀ kó wọlẹ̀! Ẹ̀ ń gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀, èmi ń gún abẹ́rẹ́ ẹni tó yó. Ṣé kí wọ́n máa pè mí ní apọkọ lẹ fẹ́?"

"Ojú ló tì mí," ni baálé wí. "Ta ló máa ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ẹni tí kò lè gbé e mì?"

"Ẹ tijú oníbàárà, ẹ ò tijú èmi!"

Nígbà tí wọ́n dé ilé ìwòsàn, dókítà ò bá ọ̀nà ìjẹun tuntun náà jà. Ó ní ẹni tó bá dín sítáàṣì kù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ, kí àwọn lè dín abẹ́rẹ́ kù. Ó gé abẹ́rẹ́ náà sí ìdajì.

Lọ́jọ́ kejì, baálé já búrẹ́dì, ó jẹ ẹ́ lẹ́nu, ọwọ́ rẹ̀ ń yọ́ lọ sí àpò.

"Ọwọ́ mi rè é," ni ìyàwó wí. "Ibí ni kí ẹ tu ú sí."

Oníbàárà kan ń wò wọ́n lójú fèrèsé. Baálé tu ú.

"Ọ̀gá, ṣé kò dùn ni?"

"Ó dùn. Ara mi ni kò gbà á."

"Ó dáa, ẹ fún mi ní méjì."

Ìyàwó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ìdajì tí dókítà sọ. Kò rẹ́rìn-ín. Inú ṣì ń bí i.