Ọwọ́ Ọ̀tún Onígbàjámọ̀

Àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọwọ́ ọ̀tún onígbàjámọ̀ kan, ó sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Ìyàwó rẹ̀ kò gbà. Nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ń fi eré ìdárayá tọ́jú àrùn náà ní ilé ìwòsàn àdúgbò, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló ń mú un lọ.

"Bàbá, ẹ ká ìka yín kò," olùtọ́jú á wí.

"Ìka tó ti kú?"

"Kò kú, ó sùn ni. Ẹ jẹ́ ká jí i."

Lóṣù karùn-ún, àtàǹpàkò mì. Lóṣù kẹsàn-án, ó di kóòmù mú, ó sì rọra ya irun ìyàwó rẹ̀. Ìlà tó yà sórí irun náà wọ́ kọ́lọkọ̀lọ.

Ìyàwó wo dígí, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ má tún un ṣe o! Báyìí ni mo ṣe máa gbé e jáde."