Àtàǹpàkò Dell Lára Ìbọn Bàbá Àgbà

Inú ń bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò fi kí Verl, alágbẹ̀dẹ ìbọn, nígbà tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo kàn tú aṣọ kúrò lára ìbọn ìléwọ́ ọlọ́ta mẹ́fà tí Bàbá àgbà mi, Orval, fi sílẹ̀ fún mi, mo sì gbé e síwájú rẹ̀.

"Ẹ bá mi ha gbogbo ara ẹ̀, Bàbá Verl. Kẹ́ ẹ tún fi aró ìbọn tí kì í jẹ́ kí irin dípẹtà kùn ún, kó dà bíi pé àná ni wọ́n rọ ọ́."

Màmá àgbà Ardith, tó tẹ̀ lé mi kó lè máa bá mi jà nínú ọkọ̀, jókòó. "Ẹ má dá a lóhùn. Ọkùnrin ló já a sílẹ̀, ìbọn ló fẹ́ bó láwọ."

Verl yí ìbọn náà sójú fèrèsé. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọta ń gbé, ìpẹtà ti ya ojú àtàǹpàkò kan sára irin, ilà kọ̀ọ̀kan hàn kedere.

"Ta ló ni eléyìí?"

"Dell ni."

Ọjọ́ tí Dell fi ìbọn yẹn pa ejò lẹ́yìn ilé ẹṣin wa, òógùn ń ṣàn lọ́wọ́ rẹ̀. Nílé wa, ẹni tó bá fọwọ́ kan ìbọn gbọ́dọ̀ fi aṣọ olóróró nù ún kó tó dá a padà, torí òógùn ń jẹ irin. Mo bi í bóyá ó ti nù ún. Ó fi ẹyinjú rẹ̀ tó dà bí ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ wò mí, ó ní, "Mo ti nù ún, olólùfẹ́ mi." Ẹnu yẹn náà ló fi sọ pé kò sí obìnrin mìíràn ní gbogbo ìpínlẹ̀ Wyoming. Ní Sátidé yìí, yóò gbé Trudy níyàwó ní ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ti rì mí bọmi.

"Ẹ kúkú ha ojú ibẹ̀ nìkan," ni mo wí.

"Á dà bí orí tí làpálàpá jẹ. Gbogbo ẹ̀ ni mo máa ha." Verl tọ́ka sí ẹnu ìbọn, níbi tí àpò awọ tí Orval ń fi ìbọn náà kọ́ ìbàdí ti ha aró kúrò, tí irin fi ń kọ bíi fàdákà. "Eléyìí náà á lọ. Ohun tí mo bá ha, mi ò lè dá a padà o."

Màmá àgbà dìde. "Ìbàdí ọkọ mi ni ìbọn yẹn ti pá. Ṣé Orval lo fẹ́ kí wọ́n ha dànù nítorí Dell? Dell tí ò lè di gàárì kó má yọ̀?"

"Ṣé kí n máa wo ọwọ́ ẹ̀ títí n ó fi kú ni, Màmá?"

"Máa wò ó. Èmi náà wò ó láàárọ̀ yìí, mo bú u dáadáa. Ara mi yá."

Verl rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Dell ti kó gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn mi lọ, ó ti gba ṣọ́ọ̀ṣì mi, ó ti ba òórùn koríko tútù jẹ́ fún mi. Èmi alára ló wá ń gbé Bàbá àgbà lọ fi ṣe èènì fún un.

Mo gba ìbọn náà, mo sì wé e padà. "Mi ò ṣe é mọ́."

"Inú ẹ ti rọ̀ nìyẹn?"

"Rárá o, Bàbá Verl. Ó ń bí mi ju ìgbà tí mo wọlé lọ."

"Àtàǹpàkò yẹn ńkọ́?"

"Kó wà níbẹ̀. Bọ́mọ mi bá bi mí ta ló ni ín, n ó dárúkọ Dell, n ó sì bú bàbá ẹ̀ mọ́ ọn."

"Kọ́kọ́ wá bàbá ọmọ ná," ni Màmá àgbà wí, ó sì ṣílẹ̀kùn fún mi.