Àyẹ̀wò Àbúrò Mi

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo fi wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àwọn èèyàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ ni. Bí ẹnì kan bá ń wúkọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, dókítà á ní kó tutọ́ sínú ike, wọ́n á gbé ike náà wá sí yàrá àyẹ̀wò. Èmi á fi díẹ̀ ra ojú gíláàsì, màá kùn ún láró, màá sì gbé e sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bí kòkòrò ikọ́ ife bá wà níbẹ̀, á pupa fòò lórí aró búlúù, tín-ín-rín bí òwú tó já lára aṣọ. Bí n kò bá rí i, màá máa sún gíláàsì náà díẹ̀díẹ̀, ọgọ́rùn-ún ìgbà, kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí. Àwọn mìíràn á sún un ní ogójì ìgbà, wọ́n á ní ó ti tó. Ọ̀lẹ ni wọ́n. Èmi kì í dín in kù.

Bàbá Awò ni gbogbo ọsibítù ń pè mí, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi nínú gan-an.

Nígbà tí wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun dé, inú mi kò dùn, n kò sì fi bò. Ẹ̀rọ funfun kan ni, kò ju páálí bàtà méjì tí a gbé lé ara wọn lọ. Wọ́n á po kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mọ́ omi kẹ́míkà, wọ́n á dà á sínú kátíríìjì kékeré kan bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, wọ́n á tì í bọ inú ẹ̀rọ, wọ́n á sì lọ jókòó. Kí wákàtí méjì tó pé, ẹ̀rọ á ti sọ bóyá kòkòrò wà tàbí kò sí. Wọ́n ní ó ń rí èyí tó kéré níye débi pé ojú èèyàn kò lè kàn án lórí gíláàsì. Mo ní ó dáa, a ó máa wò ó.

Ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ló ń bójú tó ẹ̀rọ náà. Mo sọ ọ́ ní Ọ̀mọ̀wé Kékeré, kì í sì í ṣe láti fi yìn ín. Bó bá ti ń gbé èsì bọ̀, màá bi í bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ ti jẹun àárọ̀. Á rẹ́rìn-ín, á ní ó ti jẹ ẹ́, sà. Ọmọ tó ní sùúrù ni. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn kan ta sí orí tábìlì rẹ̀, ó ràn mọ́ ti ẹlòmíràn, ẹ̀rọ sì ní ẹni tí nǹkan kan kò ṣe ní ikọ́ ife. Háà, mo rí ọ̀rọ̀ sọ. Odidi oṣù kan ni mo fi ròyìn rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá dúró gbọ́.

Ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo, àbúrò mi obìnrin, aránṣọ ni. Ó ti ń wúkọ́ fún nǹkan bí oṣù kan. Ó ní eruku aṣọ ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra tẹ́lẹ̀, nítorí náà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rù, àtọ̀gbẹ la dá lẹ́bi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n jọ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kan náà, ló wọ́ ọ wá sí ọsibítù. Àbúrò mi gbé ike sórí tábìlì mi, ó ní òun mú ẹ̀bùn wá fún ẹ̀gbọ́n òun. Kò sí ohun tí kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òfin kan wà ní yàrá wa. Bí ohun tí awò sọ bá yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ, a ó ní kí aláìsàn mú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ mìíràn wá, a ó sì tún àyẹ̀wò méjèèjì ṣe. Èmi gan-an ni mo kọ ọ́, tí mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

Mo wo gíláàsì àbúrò mi ní ọgọ́rùn-ún ìgbà. Kò sí nǹkan kan. Mo kun gíláàsì kejì, mo kun ẹ̀kẹta. Ọ̀ọ́dúnrún ìgbà ni mo sún un lápapọ̀, títí omi fi ń dà lójú mi, n kò rí kòkòrò kankan. Ara mi wá balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ọ̀mọ̀wé Kékeré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Ẹ̀rọ ní ó wà níbẹ̀, sà. Kò pọ̀ rárá, àmọ́ ó wà."

Mo ní irọ́ ni, tábìlì rẹ̀ ló tún dọ̀tí. Ó ní òun fọ tábìlì náà lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀. Ó ní bóyá ká gba òmíràn lọ́wọ́ màmá. Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá, ìyẹn gan-an ló sì bí mi nínú jù.

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi bí mo ṣe máa wo kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àbúrò mi?"

Mo fa ìwé èsì, mo kọ ọ́ pé kò sí, mo fọwọ́ sí i, mo sì fa ìwé ti ẹ̀rọ ya. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà," lẹ́ẹ̀kan péré, ó sì jáde.

Kí n má purọ́, kì í ṣe ìgbéraga nìkan. Ẹ̀rù bà mí. Èmi tí mo máa ń sọ fún ọmọ ọlọ́mọ pé ikọ́ ife lóògùn, pé kí wọ́n má fòyà, nígbà tó kan ilé mi, n kò fẹ́ gbọ́ ọ sétí.

Wọ́n fún un ní oògùn ikọ́ lásán, ó dúpẹ́, ó lọ sílé. Oṣù méjì kọjá, ikọ́ náà kò lọ. Dókítà kan nítòsí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní kó tún àyẹ̀wò ṣe, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí wọ́n tó bí dókítà náà ni ẹ̀gbọ́n òun ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí, ẹ̀gbọ́n òun sì ti wò ó ní ọ̀ọ́dúnrún ìgbà. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ fi máa sọ fún mi, kò lè dìde jókòó sídìí máṣìnnì mọ́.

Mo sáré lọ. Ó dùbúlẹ̀ sínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, àárín àwọn aṣọ oníbàárà tí kò tíì rán tán, ó ti gbẹ. Mo ní kó dìde ká lọ tún àyẹ̀wò ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á lẹ́nu.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣebí ẹ ti wò ó, ẹ ò rí i. Kí ni mo tún ń wá lọ?"

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ ọ́. Mo ní ojú lè ṣe àṣìṣe. Ó ní ojú àwọn ẹlòmíràn nìyẹn. Mo fi agídí gbé e lọ ni, n kò sì sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ létí rẹ̀.

Lọ́tẹ̀ yìí, awò rí i. Mi ò tíì sún gíláàsì rárá tí mo ti ń rí wọn, pupa, lọ súà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi lò ó. Àárọ̀ ọjọ́ Sátidé ló kú, níbi tí ọmọ rẹ̀ ti ń fi omi pa á lára. Dókítà ní ká ní a tètè mọ̀ ni, ì bá yè é. Ojú fèrèsé ló ń wò nígbà tó ń sọ ọ́. Èmi àti Ọ̀mọ̀wé Kékeré nìkan la mọ ohun tí ẹ̀rọ ti sọ, ọmọ náà kò sì tú mi fó. Ó kàn ń rọra gbé tíì sórí tábìlì mi láràárọ̀. Mo máa ń fẹ́ kó bú mi.

Lẹ́yìn oṣù méjì, ọmọ àbúrò mi wọlé sí yàrá àyẹ̀wò, ó di ike mú. Òun náà ti ń wúkọ́ bọ̀ láti bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀mọ̀wé Kékeré na ọwọ́ láti gba ike náà, ọmọ àbúrò mi fà á sẹ́yìn, ó nà án sí mi.

"Bàbá ni kó bá mi wò ó. Ẹ̀rọ yẹn kò mọ̀ wá."

Mo gbà á. Mo lè gbé e fún ẹ̀rọ ní kọ̀rọ̀, kí n ní awò mi ló rí ohunkóhun tó bá rí. Mo rò ó lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ náà ń wò mí bí ìyá rẹ̀ ṣe ń wò mí nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù yẹn, n kò sì lè fara dà á mọ́.

"Ẹ̀rọ yìí rí i lára ìyá rẹ," ni mo wí. "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èmi ni mo ní irọ́ ló ń pa. Èmi ni mo kọ ọ́ pé kò sí."

Ó ní, "Ṣé Màámi mọ̀?"

"N kò sọ fún un."

Ó gba ike náà lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún Ọ̀mọ̀wé Kékeré, ó sì lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ìta fún wákàtí méjì gbáko. Èmi náà jókòó sínú. Nígbà tí èsì jáde, ẹ̀rọ ní ó wà níbẹ̀, kò pọ̀ rárá. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn fún un.

Ó ń wá gba oògùn lọ́jọ́ Ajé gbogbo, ní ojú fèrèsé kejì sí ilẹ̀kùn wa. Òun nìkan ló kù fún mi nínú ẹbí. Ikọ́ ti lọ, ara rẹ̀ ti ń bọ̀ sípò. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo ń rí bó bá ń lọ, òun ni mo fi ń mọ̀ pé ó ń sanra, torí kì í yà sọ́dọ̀ mi mọ́.