Àpótí Kẹtàlá

Sàbírátù akọ̀wé kóòtù kì í ṣe agbéraga, ṣùgbọ́n nígbà tó ṣe fọ́ọ̀mù yẹn lọ́dún 1992, orí rẹ̀ wú débi pé gèlè kò fẹ́ẹ́ gbà á mọ́. Ṣáájú ìgbà náà, bí ọlọ́pàá ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n mú yàtọ̀ sí ti kóòtù, ti ọgbà ẹ̀wọ̀n tún yàtọ̀. Ẹni tí adájọ́ dá sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé lè wà látìmọ́lé títí di Ọjọ́bọ̀, nítorí ìwé kò bá ìwé mu. Ni adájọ́ bá ní kí Sàbírátù ṣe fọ́ọ̀mù kan ṣoṣo tí gbogbo wọn yóò máa lò. Ó pín in sí àpótí méjìlá, ó sì kọ òfin sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: ẹni tó bá ní ọgbẹ́ lára gbọ́dọ̀ rí dókítà kó tó dé kóòtù.

Yaw, àgbà ọlọ́pàá tó ń kọ̀wé ní àgọ́ wọn, yẹ̀ ẹ́ wò. "Awuraa," bó ṣe máa ń pe ìyáàfin lédè tirẹ̀, "níbo la ó máa kọ ilà ojú sí? Ó wà nínú ìwé wa àtijọ́."

"Ta ló tún ń kọlà láyé yìí?" Àdúgbò Alabar nílẹ̀ àjèjì yìí ni wọ́n bí Sàbírátù sí, kì í ṣe Ògbómọ̀ṣọ́ àwọn bàbá rẹ̀; ẹ̀rẹ̀kẹ́ tirẹ̀ ń dán bí àwo tánganran.

Oṣù méjì ni gbogbo nǹkan fi lọ geere. Lọ́jọ́rú kan, Bákàrè, àbúrò bàbá Sàbírátù, bá onítakisí jà ní Bantama, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ọ̀rọ̀ náà kò tó nǹkan: kó dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ kejì, kó tọrọ àforíjì, kó máa lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni yìgì Ràzíátù ọmọ rẹ̀, òun ni yóò sì fa ọmọ lé ọkọ lọ́wọ́. Adájọ́ kì í jókòó ní Jímọ̀. Bí Ọjọ́bọ̀ bá kọjá, ó di ọjọ́ Ajé.

Wọ́n pe Bákàrè ní kóòtù, wọn ò rí i. Sàbírátù yọ fọ́ọ̀mù rẹ̀ wò. Ní àpótí kẹsàn-án, níbi ọgbẹ́, Yaw ti kọ ọ́ pé: "Mẹ́rìndínlógún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì." Òfin ọwọ́ ara rẹ̀ ti rán bàbá náà lọ sí ọsibítù.

Ó fò sínú takisí. Ó bá Bákàrè àti Yaw lórí bẹ́ǹṣì, dókítà kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú wọn.

"Láti ìgbà wo ni ọgbẹ́ yìí ti wà?"

"Ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta," Bákàrè dáhùn. "Olóòlà tó ṣe é ti kú sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má wá a lọ."

Sàbírátù kọjú sí Yaw. "Ṣebí ẹ mọ̀ pé ilà ni."

"Mo mọ̀. Ẹ̀yin lẹ ní ohunkóhun ò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù láìkọ. Mo wá àpótí rẹ̀ títí."

Ó fa àwọn méjèèjì padà sí kóòtù. Adájọ́ ti ń palẹ̀ ìwé mọ́ nígbà tí wọ́n dé. Ìtìjú fẹ́ẹ́ pa Sàbírátù, síbẹ̀ ó dìde. "Olúwa mi, kò sí ọgbẹ́ kankan. Èmi ni mo yọ àpótí ilà kúrò."

Adájọ́ wo ojú Bákàrè, ó wo fọ́ọ̀mù, ó fi ìwé bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó sì dá a sílẹ̀.

Lẹ́yìn yìgì, Sàbírátù lọ kúnlẹ̀ níwájú Bákàrè. "Bàbá, ẹ foríjì mí."

"Wallahi, mi ò bínú. Ṣé o rí ojú mi yìí? Fọ́ọ̀mù tí bàbá mi kọ fún mi ni, kí n má baà sọnù. Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ibí, kò sẹ́ni tó ṣì í kà rí, àfi fọ́ọ̀mù tìrẹ."

Lọ́jọ́ Ajé, Sàbírátù tẹ fọ́ọ̀mù òmíràn, alápòótí mẹ́tàlá. Ó kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ dán an wò. Nígbà tó dé ìkẹtàlá, àpótí ilà ojú, ó kọ ọ́ pé, "Kò sí." Ọ̀rọ̀ náà dùn ún ju bó ṣe rò lọ.