Orúkọ Tí Mo Sọ Nusrat

Lọ́dọ̀ wa ní Èkìtì, ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ní Ẹnu Ọ̀wá, ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí Haleem fẹ́ mi sí. Ìyàwó ló máa fúnra rẹ̀ sọ àwọn ọkọ kéékèèké lórúkọ, kí wọ́n sì jẹ́ ẹ. Mo ti rí ti gbogbo wọn sọ, ó ku Nusrat, àbúrò ọkọ mi tó kéré jù. Kò sí orúkọ tí mo pè é tó dá mi lóhùn. Títí yóò fi dáhùn, àlejò ni mí nínú ilé yẹn, ó sì ń dùn mí.

Èdè mi ló fà á. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ la ẹnu, ẹ̀rín pa gbogbo wọn. Alhaja Sàfúrátù, ìyá ọkọ mi, ní, "Ará òkè mà dé o!" Inú bí mi. Ni mo bá ń jókòó sójú fèrèsé lókè petéèsì lẹ́yìn ìrun làásárì, kí n lè kọ́ tiwọn. Atẹ́gùn ọ̀sà á máa gbé ohùn àwọn ọ̀dọ́ wọlé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìgboro wọn: aláyé, idán, ó wà pa. Èmi náà á máa pè é wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà mìíràn oorun á fẹ́ gbé mi lọ, ọ̀sà á di òkè ìlú wa, màmá mi á máa pè mí, èmi á sì máa fi èdè Ìsàlẹ̀ Èkó dá a lóhùn. Kì í gbọ́ mi.

Lọ́jọ́ kan mo ṣọkàn akin. "Idán mi!"

Nusrat wò mí títí. "Gbogbo ọmọ àdúgbò ló ń jẹ́ Idán. Ẹ̀yin fúnra yín, kí lẹ fẹ́ máa pè mí?"

Ó bá tirẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, mo tún ń tòògbé lójú fèrèsé. Nusrat wọ àgbàlá nínú híjáàbù funfun, oòrùn bà lé e, gbogbo ibẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere. N kò rò ó tẹ́lẹ̀.

"Uyì Ulé!"

Iyì ilé nìyẹn, bí wọ́n ṣe ń pè é lọ́dọ̀ wa. Mo ti ń retí kí wọ́n fi mí ṣe ẹlẹ́yà.

Nusrat gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, mo ń bọ̀!"

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, mo gbọ́ ohùn Alhaja lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ké sígboro: "Uyì Ulé dà? Ẹ bá mi pè é kó wá jẹun!" Ahọ́n Èkó ló fi pè é, kò dún dáadáa rárá. N kò tún un ṣe. Mo kàn ń sunkún lójú fèrèsé, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ní kó wọlé, kó jókòó.